Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló kún àdúgbò wa, àmọ́ kálukú ló ń dá jókòó: kí ló fà á?

Ayálégbé_ÒkèKẹta

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti kó dé ilé tí mò ń gbé báyìí. Ilé alájà mẹ́fà ni. Lẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀, pátákó kan wà tí agogo fúláàtì kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀, tí orúkọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo. Mo ka àwọn orúkọ náà lọ́jọ́ kan tí mò ń dúró de ẹni tó máa bá mi ṣílẹ̀kùn. Tí mo bá fi orúkọ ṣírò, èdè tó wà nínú ilé yẹn kò dín ní mẹ́sàn-án. Ibì kan tiẹ̀ wà tí wọ́n lẹ bébà lé bébà, mẹ́ta lórí ara wọn, ti ìdílé mẹ́ta tó ti gbé ibẹ̀ kọjá.

Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ǹṣì mẹ́rin ló wà níwájú ilé, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀. Wọn kì í jà, wọn kì í bú ara wọn. Wọ́n kàn ń wo ara wọn bí ẹni ń wo òpó iná. Àwọn ọmọdé nìkan ló ń ṣeré pọ̀, àwọn náà tí wọ́n bá ti ń tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá, kálukú á forí lé bẹ́ǹṣì àwọn òbí rẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé bí ọmọ aráyé ṣe rí nìyẹn, àbí ẹnì kan ló tò wá bẹ́ẹ̀? Ṣé ibi tí èèyàn ti jọ ń gbé náà ni wọ́n ti ń bára wọn gbé?

---

Ẹ̀rọ̀_Pẹ̀sẹ̀

Àbúrò, má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù. Ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́. Ẹni tó fi èdè tí kì í ṣe tiẹ̀ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èdè ìyá rẹ̀ ló máa wù ú kó fi sinmi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ńlá, ta ló ń wá? Ará ilé rẹ̀ ni. Òun ló máa júwe ibi iṣẹ́ fún un, òun ló máa ṣe onídùúró fún un lọ́dọ̀ lánlọ́ọ̀dù, òun ló máa bá a ka lẹ́tà ìjọba tí kò yé e. Mo ti gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì lè gbàgbé oore tí wọ́n ṣe fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má pe ìyẹn ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

---

Tíṣà_Jọ́gíráfì

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀rọ̀_Pẹ̀sẹ̀, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un.

Onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan wà ní Amẹ́ríkà, Thomas Schelling, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Lọ́dún 1971 ó kọ̀wé nípa ohun kan tí mo máa ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi títí dòní. Ẹ mú pátákó dráàfù kan àti owó ẹyọ oríṣi méjì. Ẹ tò wọ́n káàkiri láìsí ètò, kí ẹ fi àwọn àyè kan sílẹ̀ lófìfo. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró fún ìdílé kan. Òfin kan ṣoṣo ló wà: tí àwọn tó jọ ọ́ kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó yí i ká, á kó lọ síbi òfìfo tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ wò ó dáadáa, ìdílé yìí kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Kí àwọn tí kò jọ ọ́ pọ̀ ju àwọn tó jọ ọ́ lọ kò ní kó sá. Ohun tí kò kàn fẹ́ ni kó ku òun nìkan. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá ti kó, ibi tó kúrò á yí padà, ibi tó lọ náà á yí padà, ìyẹn á sì lé ẹlòmíì dìde. Kó tó pẹ́, pátákó á ti pín sí apá ibí àti apá ọ̀hún. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tú tiẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ó ní láti jẹ́ pé òun ló ń ṣì í tò. Ibi kan náà ló ń já sí ní gbogbo ìgbà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé tí àdúgbò bá ti pín, ó di dandan kí àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ èèyàn burúkú. Ìfẹ́ díẹ̀ sí ẹni ẹni ti tó.

---

Ìyá_Àdúgbò

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Pátákó yín dáa fún kíláàsì, àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tó ń dùn mí. Àwọn ẹyọ yín ní òmìnira, ibi tó wù wọ́n ni wọ́n ń lọ. Ní Amẹ́ríkà tí mo ti gbé ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ọwọ́ ẹlòmíì ló ń sún ẹyọ.

Lọ́dún 1933, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Home Owners' Loan Corporation. Àjọ yìí ya máàpù ìlú tó ju 200 lọ, wọ́n sì fi àwọ̀ mẹ́rin kùn ún: ewéko fún ibi tó dára jù, búlúù, yẹ́lò, pupa sì ni ibi tí wọ́n kà sí eléwu fún ẹni tó fẹ́ yáni lówó. Àdúgbò tí èèyàn dúdú bá ń gbé, pupa ni wọ́n sábà máa ń kùn ún, bó ti wù kí ilé ibẹ̀ dúró dáadáa tó. Àjọ FHA tẹ̀ lé e lọ́dún 1934. Òun ló ń ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó ilé, ìwé ìlànà rẹ̀ sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe da ẹ̀yà pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ní Detroit, ògiri kan wà nítòsí títì tí wọ́n ń pè ní Eight Mile. Ọdún 1941 ni wọ́n mọ ọ́n. Ẹnì kan fẹ́ kọ́lé fún àwọn òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn èèyàn dúdú ń gbé, FHA kọ̀ láti ṣe onídùúró. Ó bá ní òun á mọ ògiri sáàárín wọn, wọ́n sì gbà. Ògiri náà gùn tó ìdajì máìlì, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti ya àwòrán aláràbarà sí apá kan lára rẹ̀, ọgbà tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré ló sì wà níbẹ̀ báyìí. Mo fọwọ́ kàn án. Kọnkéré lásán ni, èèyàn tó ga dáadáa lè na ọrùn kó wo òdì kejì. Kì í ṣe nítorí pé ẹnìkan ò lè gùn ún ni wọ́n ṣe mọ ọ́n. Nítorí kí báńkì lè rí i ni.

Ọmọ mi Ayálégbé, ilé ni ọ̀pọ̀ ìdílé níbí fi ń kó ọrọ̀ jọ fún ọmọ. Ẹni tí wọn kò bá yá lówó ra ilé ní 1941, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì ń san gbèsè yẹn.

Kì í sì í ṣe pé òfin kò gbìyànjú. Lọ́dún 1917 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé òfin ìlú Louisville tó pín òpópónà fún ẹ̀yà. Àwọn onílé bá bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sínú ìwé ilé pé àwọn kò ní tà á fún èèyàn dúdú. Ọdún 1948 ni ilé ẹjọ́ tó sọ pé kóòtù kankan kò gbọdọ̀ ti ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí Martin Luther King kó wá sí Chicago lọ́dún 1966 nítorí ọ̀rọ̀ ilé yìí kan náà, wọ́n sọ òkò lù ú lórí ní Marquette Park. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1968 ni wọ́n pa á, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n buwọ́ lu òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tìtorí àwọ̀ kọ̀ láti fún èèyàn nílé. Ọ̀sẹ̀ kan péré!

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Ẹ ṣeun, Ìyá. Mo fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe àdúgbò aláwọ̀ kan nìkan ni ìjọba ń dá sílẹ̀, wọ́n tún máa ń tú èyí tó ti dàpọ̀ tẹ́lẹ̀ ká. District Six ní Cape Town, onírúurú ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ló ń gbé ibẹ̀. Òfin Group Areas, èyí tó ń pín ibi gbígbé fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ti wà láti ọdún 1950. Ní oṣù kejì ọdún 1966, ìjọba kéde pé ti aláwọ̀ funfun nìkan ni ibẹ̀, wọ́n sì lé ohun tó ju 60,000 èèyàn jáde lọ sí Cape Flats, ní ẹ̀yìn ìlú. Wọ́n wó ilé wọn. Apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn ṣófo fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá sọ pé oríṣiríṣi ẹ̀yà kò lè gbé pọ̀, kó rántí pé wọ́n ń gbé pọ̀ kí katakata tó wá wó ilé wọn.

---

Ẹ̀rọ̀_Pẹ̀sẹ̀

Ìyá, ẹ ṣé gan-an. Mi ò gbọ́ nípa ògiri yẹn rí. Mo dá apá kan nínú ọ̀rọ̀ mi padà: wíwá ẹni ẹni yàtọ̀ sí kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé.

Ó wá kù ìbéèrè kan. Tó bá jẹ́ òfin ló pín wọn, ṣé òfin náà ló yẹ kó pa wọ́n pọ̀? Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí.

---

Arìnnàjò_Ìlàoòrùn

Ibì kan wà tí wọ́n ti ṣe é, mo sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin: Singapore. Lọ́dún 1964 ìjà ẹ̀yà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, láàárín àwọn Malay àti àwọn Ṣáínà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìjọba ló ń kọ́ ilé tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ìlú ń gbé, nítorí náà ọwọ́ wọn tẹ ohun tí ọwọ́ ìjọba ibòmíràn kò lè tẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 1989, wọ́n fi gbèdéke sí iye ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó lè wà nínú ilé kan àti nínú àdúgbò kan. Àwọn Ṣáínà kò gbọdọ̀ ju ìdá 87 nínú 100 lọ nínú ilé kan, àwọn Malay kò gbọdọ̀ ju 25 lọ. Ti àwọn Íńdíà àti àwọn yòókù jẹ́ 15 báyìí.

Ohun tó ṣe dáadáa: mi ò rí ibì kankan tí èèyàn lè nawọ́ sí kó ní ibi tí ẹ̀yà báyìí nìkan ń gbé nìyẹn. Àbẹ́ ilé gogoro wọn ṣófo, wọn kò kọ́ yàrá síbẹ̀. Lábẹ́ ilé tí mo gbé, mo bá wọn níbi ìgbéyàwó Malay ní ọjọ́ Àìkú kan. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìdílé Ṣáínà kan ti ń ṣe òkú níbẹ̀, lórí kọnkéré kan náà. Àwọn tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ ń rọra rìn.

Ohun tó korò: aládùúgbò mi kan, ọmọ ẹ̀yà kékeré, fẹ́ ta fúláàtì rẹ̀. Gbèdéke ti kún nínú ilé náà fún ẹ̀yà tó pọ̀ jù, kò sì lè tà á fún wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ní owó jù, àwọn náà ló ń wá ilé jù. Ó dúró títí, ó wá tà á ní owó tó kéré sí ohun tó ń retí. Òun tí òfin sọ pé òun ń dáàbò bò ló gbé ẹrù náà. Mo gbà pé òfin yẹn ṣe rere ju ibi lọ. Àmọ́ mi ò lè sọ ìyẹn lójú aládùúgbò mi.

---

Ẹ́jẹ́ǹtì_Tẹ́lẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ dákẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ nípa òfin yìí kò jẹ́ kí n dákẹ́.

Ẹ́jẹ́ǹtì ilé ni mí fún ọdún méje. Òfin tó ní ká má yan èèyàn nípa ẹ̀yà wà lára ògiri ọ́fíìsì wa, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ọ̀gá wa, kọ́kọ́rọ́ ilé wà ní ọ̀wọ́ méjì. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sára wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀wọ́ tọwọ́ òsì wà fún àwọn tí orúkọ wọn ṣòro láti pè. Tí irú wọn bá béèrè ilé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, a máa ní "wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ni." Mo ti sọ gbólóhùn yẹn fún tọkọtaya kan tí ìyàwó lóyún, tí wọ́n ti rí ìkéde ilé náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́! Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, àmọ́ kò yá tó bó ṣe yẹ kó yá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé àwọn èèyàn ló yan ibi tí wọ́n ń gbé, ẹ béèrè pé kọ́kọ́rọ́ wo ni wọ́n fi hàn wọ́n. Ìwà yìí kì í pariwo. Ẹ̀rín músẹ́ ló máa ń bá a rìn.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni ohun tí àwọn ẹ́jẹ́ǹtì ń ṣe ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Tí ìdílé dúdú kan bá ti wọ òpópónà, wọ́n á lọ máa kan ilẹ̀kùn àwọn òyìnbó pé kí wọ́n tètè tà kí ilé wọn tó di yẹpẹrẹ. Wọ́n á rà á ní pọ́ọ́kú, wọ́n á sì tà á ní ọ̀wọ́n fún àwọn èèyàn dúdú tí kò ríbi gbé. Ìlú Willingboro ní New Jersey gbìyànjú láti dá a dúró lọ́dún 1974: wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ri pátákó "títà ni" mọ́lẹ̀ níwájú ilé, kí àyà má baà máa já àwọn aládùúgbò. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé e lọ́dún 1977, wọ́n ní ó tẹ òmìnira ọ̀rọ̀ lójú. Mo ṣì máa ń ronú nípa pátákó yẹn, pé igi kékeré kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lè lé odindi òpópónà.

---

Ìyá_Àdúgbò

Ẹ́jẹ́ǹtì_Tẹ́lẹ̀, ó gba ọkàn kí èèyàn tó lè sọ ohun tí o sọ yìí. Ọlọ́run á fún ọ ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

---

Ìwé_Lóyè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ó yẹ ká fojú kan apá kejì. Lọ́dún 2007, Robert Putnam, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, gbé iṣẹ́ kan jáde tó dá lórí nǹkan bí 30,000 èèyàn ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé níbi tí ẹ̀yà bá ti pọ̀ jù, ìgbẹ́kẹ̀lé máa ń kéré, kì í ṣe láàárín ẹ̀yà sí ẹ̀yà nìkan, àní láàárín àwọn ẹ̀yà kan náà. Ó ní ṣe ni àwọn èèyàn ń fa orí sínú ìkarahun bí ahun. Ṣé kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì àbúrò wa nìyẹn?

---

Tíṣà_Jọ́gíráfì

@Ìwé_Lóyè, ó dáa tẹ́ ẹ mú un wá. Ẹ fi kún un pé Putnam fúnra rẹ̀ sọ pé èyí tó máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nìyẹn, pé tó bá pẹ́, ìlú tó dàpọ̀ máa ń jèrè. Àwọn olùwádìí mìíràn sì ti tako o pé òṣì àti ìgbà gbogbo tí èèyàn ń kó wọlé kó jáde ló ń pa ìgbẹ́kẹ̀lé, ibi tí ẹ̀yà pọ̀ sí sì sábà máa ń jẹ́ ibi tí àwọn méjèèjì wà. Mo fara mọ́ wọn. Ẹ rántí bébà mẹ́ta tó wà lára agogo yẹn. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó máa kó lọ láìpẹ́ ṣọ̀rẹ́?

Ìṣòro tiwa, àwa tá à ń kọ́ ọmọ ní nǹkan wọ̀nyí, ni pé ohun tá a lè wọ̀n là ń wọ̀n. Òṣùwọ̀n kan wà tó ń lọ láti 0 dé 100, tó ń sọ iye èèyàn nínú ọgọ́rùn-ún, láàárín ọ̀kan nínú ẹ̀yà méjì, tó yẹ kó kó kúrò kí ẹ̀yà méjèèjì tó lè tàn ká ìlú bákan náà. Ó wúlò. Ìkànìyàn ọdún 2021 ní London náà wúlò: ìdá 40.6 nínú 100 àwọn ará ìlú ni wọn kò bí sí Britain. Àmọ́ ibi tí èèyàn ń sùn ni gbogbo ìyẹn ń kà. Kò sí ìkànìyàn tó ń ka bẹ́ǹṣì.

---

Alámòójútó_Ilé

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bójú tó irú ilé tí Ayálégbé ń gbé. Ọdún kejìlélógún mi rèé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Lọ́dún kan, lífíìtì ilé wa bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Obìnrin arúgbó kan wà ní àjà karùn-ún tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn. Mo lẹ bébà kan mọ́ ilẹ̀kùn lífíìtì, mo kọ ọjọ́ méje sí i, mo ní kí ẹni tó bá lè gbé omi àti ẹrù lọ bá màmá kọ nọ́ńbà fúláàtì rẹ̀ sí ọjọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kò sẹ́nì kankan. Ní ọjọ́ kẹta ọmọkùnrin kan láti àjà kejì kọ tiẹ̀, lẹ́yìn náà ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹnì kan tí kò bá a sọ èdè kan náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta fi máa pé, bébà ti kún, wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ lórí ta ló ni ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí wọ́n tún lífíìtì ṣe, wọn kò yọ bébà náà. Wọ́n ti mọ orúkọ ara wọn.

Ẹ wò ó, mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Mo gbé iṣẹ́ fún wọn ni.

Kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń yọrí sí rere. Mo ti ṣe ètò gbígbá àtẹ̀gùn rí tó dìjà, nítorí èdè kan ṣoṣo ni mo fi kọ ọ́. Ìdílé kan kò lè kà á, wọn ò gbá tiwọn, àwọn yòókù ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ẹ̀bi mi ni. Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà àti àwòrán ni mo fi ń kọ ọ́.

---

Tíṣà_Jọ́gíráfì

Alámòójútó, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín rí ohun tí Gordon Allport, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ lọ́dún 1954. Ó ní kí ìpàdé ẹ̀yà méjì tó lè dín ẹ̀tanú kù, ó yẹ kí wọ́n dọ́gba níbẹ̀, kí wọ́n ní ohun kan tí wọ́n jọ ń lé, kí wọ́n fọwọ́sowọ́pọ̀ lé e, kí aláṣẹ ibẹ̀ sì tì í lẹ́yìn. Ẹ̀yin ni aláṣẹ ibẹ̀.

---

Ayálégbé_ÒkèKẹta

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ti lífíìtì ni mi ò ti sinmi.

Iná ẹnu ọ̀nà ilé wa ti kú láti bí oṣù méjì. Gbogbo wa la máa ń táràrà wá ihò kọ́kọ́rọ́ lálẹ́. Lánàá mo kọ lẹ́tà, mo mú bírò, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i. Ní bẹ́ǹṣì kejì, bàbá kan gba ìwé náà, ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá tún gbólóhùn kan ṣe nínú rẹ̀ nítorí mo ṣi déètì kọ. Ó dìde, ó bá mi lọ bẹ́ǹṣì kẹta, òun ló ṣàlàyé fún wọn. Ọdún mọ́kànlá ló ní òun ti ń gbé ilé yẹn. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun máa dé ìdí bẹ́ǹṣì náà.

Bẹ́ǹṣì kẹrin kò fọwọ́ sí i o. Wọ́n ní wọ́n ti kọ irú rẹ̀ rí, kò yọrí sí nǹkan kan. Mi ò lè bá wọn jiyàn.

Alámòójútó, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó yẹ kí n fi í ránṣẹ́ sí, onílé ni àbí àwọn tó ń bá a gba owó ilé?

---

Alámòójútó_Ilé

Àwọn méjèèjì, lọ́jọ́ kan náà. Kọ nọ́ńbà fúláàtì ẹni kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ rẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ìdílé kan ló fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Lẹ ẹ̀dà kan sí ẹ̀gbẹ́ pátákó agogo. Kí o sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún bẹ́ǹṣì kẹrin.